Kòkòrò tó ń jẹ àjàrà, ìdí àjàrà ló wà: Ẹ̀kọ́ tí aràn inú ilẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀ California, àti bó ṣe kan àwọn ológì tòmátò wa

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí òwe yìí bá bá àwọn kan mu, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni. Igi àjàrà wọn á kọ́kọ́ máa ṣe dáadáa. Nígbà tó bá yá, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ẹ̀ka rẹ̀ kò ní í gùn mọ́, èso rẹ̀ á sì máa dín kù lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ á bomi rin ín, á da ajílẹ̀ sí i, síbẹ̀ kò ní í gbọ́. Ọjọ́ tó bá hú igi kan wò ló máa rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti ta kókó káàkiri, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn.

Aràn tíntìntín kan tó ń gbé inú ilẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní nematode, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí California ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí wáìnì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àjàrà gbígbẹ tí wọ́n ń kó sínú búrẹ́dì àti bisikíìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé California nìkan ló ń pèsè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tó dájú jù tí wọ́n rí láti fi kojú aràn yìí ni pé kí wọ́n gbin igi tí aràn kò lè rí oúnjẹ jẹ nínú gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi owó gọbọi kọ́: kò sí igi àjàrà kan tó ń kọ gbogbo aràn. Èyí tó lágbára sí aràn kan lè jẹ́ oúnjẹ aládùn fún aràn mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ aràn tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, tó wá sáré lọ ra igi tí wọ́n ní ó lágbára, lè fi owó rẹ̀ ṣòfò.

ARÀN NÁÀ JU ẸYỌ KAN LỌ

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ń mú kí gbòǹgbò ta kókó. Meloidogyne lorúkọ ìdílé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kò gùn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, tó fi jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i nínú ilẹ̀. Ẹnu gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ló máa ń gbà wọlé. Tó bá ti dé inú, á da oje kan sára àwọn sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún á sì wú di ńlá, wọ́n á di ìkòkò ọbẹ̀ tí aràn yìí á máa jẹ nínú rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Oúnjẹ tó yẹ kó gòkè lọ sọ́dọ̀ ewé àti èso, ọ̀dọ̀ aràn ló máa dúró sí. Abo kan lè yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bí ilẹ̀ bá sì móoru, kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ tí àwọn ọmọ náà á fi di ìyá.

Ilẹ̀ oníyanrìn ni irú aràn yìí fẹ́ràn jù. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní àfonífojì San Joaquin, ní àgbègbè Fresno, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà tí wọ́n ń sá gbẹ. Thompson Seedless, tó jẹ́ àjàrà tí wọ́n ń sá jù, kò ní agbára kankan sí aràn yìí bí wọ́n bá gbìn ín lórí gbòǹgbò ara rẹ̀.

Aràn kejì ni Xiphinema index, èyí tí àwọn òyìnbó fi orúkọ ọ̀bẹ aṣóró pè nítorí bí ẹnu rẹ̀ ṣe gùn tó sì mú. Òun kì í wọ inú gbòǹgbò. Ìta ló máa dúró sí, tí á máa gún gbòǹgbò bí ẹni ń gúnni lábẹ́rẹ́. Ohun tó sì ń fi abẹ́rẹ́ náà kó láti ara igi kan sí òmíràn ni fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ ewé àjàrà di bí abẹ̀bẹ̀, tó sì ń mú kí èso jábọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ. Ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ Fásitì California tó wà ní Davis, Hewitt, Raski àti Goheen, fi hàn pé aràn yìí gan-an ló ń gbé àrùn náà kiri. Ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo ayé pé aràn inú ilẹ̀ lè gbé fáírọ́ọ̀sì ran igi.

Àwọn mìíràn tún wà. Ọ̀kan ń dọ́gbẹ́ sí gbòǹgbò lára, ọ̀kan ní ara tó rí bí òrùka tí wọ́n tò léra, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé ọsàn ló ń bá jà káàkiri ayé, àmọ́ tí kì í fi àjàrà sílẹ̀ tó bá rí i.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI KAN OWÓ TÓ BẸ́Ẹ̀?

Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ tí aràn jẹ ẹ́, á kórè ohun tó kù, á sì gbin nǹkan mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ti àjàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Igi àjàrà tí wọ́n bá gbìn lónìí, ó di ọdún kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so èso gidi. Àgbẹ̀ á ti ra igi, á ti ri òpó, á ti ta wáyà tí igi á máa fà mọ́, á ti to páìpù omi, kó tó rí kọ́bọ̀ gbà padà. Ìrètí rẹ̀ ni pé igi náà á wà fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àṣìṣe bá wà nínú gbòǹgbò, kò sí bó ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láìhú gbogbo oko.

Àjàrà tí ayé mọ̀ fún ọtí wáìnì, ìyẹn Vitis vinifera, èso rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára. Àṣírí náà tú pátápátá ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1860, nígbà tí phylloxera dé sí wọn láti Amẹ́ríkà. Kòkòrò ni phylloxera, kì í ṣe aràn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò lòun náà ń jẹ, ó sì run oko àjàrà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni àjàrà inú igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èso àjàrà igbó wọ̀nyí kò dára fún wáìnì, àmọ́ wọ́n ti ń bá kòkòrò àti aràn inú ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé tipẹ́, gbòǹgbò wọn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kojú wọn.

Wọ́n wá fi àjàrà Amẹ́ríkà ṣe ìsàlẹ̀, wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé mọ́ ọn lórí. Igi ìsàlẹ̀ ló ni gbòǹgbò, igi òkè ló ń so èso. Kò ṣàjèjì sí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tó ń gbin ọsàn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá lọ́ ọsàn dídùn mọ́ ìdí igi lẹ́mọ́ọ̀nù tí gbòǹgbò rẹ̀ le. T. V. Munson, ọkùnrin kan tó ń gbin àjàrà ní ìlú Denison ní Texas, wà lára àwọn tó ran àwọn Faransé lọ́wọ́ lórí irú igi tí wọ́n lè lò, ìjọba Faransé sì fún un lóyè ní ọdún 1888.

KẸ́MÍKÀ KÒ ṢE É GBỌ́KÀN LÉ MỌ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbẹ̀ California kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ igi ìsàlẹ̀ sí fún aràn, torí pé kẹ́míkà wà. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni DBCP, nítorí kì í pa igi tó wà lórí ìdúró, ó sì ṣe é dà pọ̀ mọ́ omi tí wọ́n fi ń rin oko. Lọ́dún 1977 ni àṣírí tú. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe é ní Lathrop, ní California, ṣàkíyèsí pé àwọn kò rí ọmọ bí mọ́, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kẹ́míkà náà ló bá nǹkan ọmọkùnrin wọn jẹ́. California dá lílò rẹ̀ dúró lọ́dún náà, nígbà tó sì di 1979, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòpin sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Nígbà tí wọ́n yẹ omi kànga wò ní àfonífojì San Joaquin, wọ́n bá a níbẹ̀.

Èyí tó kù ni methyl bromide, èéfín olóró tí wọ́n ń fún sínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin igi. Òun náà ń ba ààbò tó wà lójú sánmà, tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó wa lára jù, jẹ́. Lábẹ́ àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní 1987, ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, àyàfi níbi tí wọ́n bá fún wọn láyè pàtàkì. Àwọn kẹ́míkà mìíràn ṣì wà, ṣùgbọ́n òfin tó de lílò wọn pọ̀, wọn kì í sì í wọlẹ̀ jìn tó gbogbo ibi tí gbòǹgbò àjàrà máa ń dé. Ìyẹn ló sọ igi ìsàlẹ̀ di ọ̀rọ̀ pàtàkì.

IGI WO LÓ Ń KỌ ARÀN WO?

Ibí yìí gan-an ni ẹnu ọ̀rọ̀ wà. St. George jẹ́ igi ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti lò tipẹ́ ní California. Kò bẹ̀rù phylloxera, ó sì ń fara da ọ̀dá. Ṣùgbọ́n aràn tó ń ta kókó ń jẹ ẹ́, ọlọ́bẹ aṣóró náà ń jẹ ẹ́. Ẹni tó wá gbà á nítorí pé ó lágbára, kò purọ́, àmọ́ agbára sí kí ni?

Ramsey àti Dog Ridge, tí ìran wọn wá láti inú igbó Texas, lágbára gan-an sí aràn tó ń ta kókó. Wọ́n ń lo Ramsey púpọ̀ lórí ilẹ̀ oníyanrìn ní Australia náà. Ìṣòro wọn ni pé wọ́n máa ń dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí ilẹ̀ tó lọ́ràá, ewé ni wọ́n á máa yọ ṣáá.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn wá fi ọmọ Dog Ridge ṣe igi méjì ní Fresno. Wọ́n pe ọ̀kan ní Harmony, wọ́n pe èkejì ní Freedom. Àwọn méjèèjì ń kọ aràn tó ń ta kókó dáadáa, àwọn àgbẹ̀ àjàrà jíjẹ àti ti sísá sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà wọ́n.

Fún ọlọ́bẹ aṣóró, igi tí wọ́n ń sá tọ̀ ni O39-16, tí Harold Olmo ti Fásitì California ní Davis ṣe. Ó fi àjàrà Yúróòpù àti àjàrà muscadine ti gúúsù Amẹ́ríkà gbé e kalẹ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé aràn náà ṣì lè gún un kí fáírọ́ọ̀sì sì wọlé, ṣùgbọ́n igi òkè á ṣì máa so èso bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé O39-16 yìí kan náà lọ sí ilẹ̀ oníyanrìn tí aràn tó ń ta kókó kún inú rẹ̀, kò lè dáàbò bo ara rẹ̀.

KÍKỌ ARÀN YÀTỌ̀ SÍ FÍFARA DÀ Á

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń da àwọn tó ń ra igi láàmú. Igi tó ń kọ aràn ni èyí tí aràn kò lè bímọ sí. Bí aràn bá wọ gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ sọ di ìkòkò ọbẹ̀ á pa ara wọn, ebi á pa aràn, kò ní í lè yé ẹyin. Lọ́dọọdún, iye aràn inú ilẹ̀ á máa lọ sílẹ̀.

Igi tó ń fara dà á yàtọ̀. Aràn ń jẹ ẹ́, aràn ń bí sí i nínú rẹ̀, àmọ́ igi náà lókun débi pé èso kò dín kù. Lójú àgbẹ̀, kò sí ìyàtọ̀, torí pé owó ń wọlé. Ọjọ́ tó bá hú igi náà láti gbin òmíràn ni yóò tó mọ̀ pé òun ti ń sin ọ̀tá lábẹ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún. Bí igi tuntun náà kò bá lágbára, aràn á pa á ní kékeré. Nítorí náà, ẹni tó ń ta igi gbọ́dọ̀ lè sọ èwo nínú méjèèjì ni tirẹ̀.

KỌ́KỌ́RỌ́ KAN KÌ Í TI ILẸ̀KÙN TÍTÍ AYÉ

Aràn náà kò sùn. Níbi tí wọ́n ti ń gbin Harmony àti Freedom fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìran Meloidogyne kan yọjú tó lè bímọ sínú gbòǹgbò wọn. Igi kò yí padà, aràn ló yí padà. Kókó bẹ̀rẹ̀ sí í ta níbi tí wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn olówó Napa àti Sonoma, níbi tí wáìnì tó wọ́n jù ti ń wá, ti jẹ irú ìyà yìí lọ́dọ̀ phylloxera. AXR1 ni igi ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbára lé, èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ àjàrà Yúróòpù nínú. Ó máa ń so dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti já àwọn kan kulẹ̀ lókè òkun ṣáájú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, phylloxera bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́n hu oko lẹ́yìn oko, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì fi tún wọn gbìn.

Ẹ̀kọ́ yìí ló wà lọ́kàn Andrew Walker àti Howard Ferris ní Davis nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Dípò kí wọ́n wá igi tó ń kọ aràn kan, wọ́n wá èyí tó máa kọ ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn ìran tó ti borí Harmony. Wọ́n pa oríṣiríṣi àjàrà igbó pọ̀, wọ́n sì ń fi aràn oríṣiríṣi dán àwọn ọmọ wọn wò, wọ́n ń yọ èyí tó bá kùnà. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun kan tó mú un le ni pé muscadine, tó ní agbára jù, ní kúrómósóòmù 40, nígbà tí àjàrà yòókù ní 38, èyí tó ń mú kí púpọ̀ nínú ọmọ wọn yàgàn. Níkẹyìn, igi márùn-ún ló yege, wọ́n sì pè wọ́n ní GRN-1 títí dé GRN-5. Àwọn náà kò pé tán: GRN-1, bí àpẹẹrẹ, kì í tètè ta gbòǹgbò bí wọ́n bá gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, èyí tó ń fún àwọn tó ń ta igi ní wàhálà.

ÀYẸ̀WÒ ILẸ̀ NÍ ÀKỌ́KỌ́

Ohun tí àgbẹ̀ tó gbọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé kó tó hú igi àtijọ́, á bu ilẹ̀ ní ibi púpọ̀ nítòsí gbòǹgbò, kì í ṣe lójú ilẹ̀ nìkan, á kó o sínú ọ̀rá, kò ní í jẹ́ kí oòrùn pa á, á sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Èsì náà á sọ orúkọ aràn àti iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa tó mọ igi tó yẹ kó rà. Owó àyẹ̀wò kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oko tí wọ́n máa hú. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìgbin àjàrà fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí gbòǹgbò àtijọ́ tó kù lábẹ́ ilẹ̀ lè máa bọ́ aràn nìṣó.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍNÚ ÈYÍ?

Ó kàn wá gan-an. Meloidogyne incognita, tó ń bá àjàrà jà ní California, wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà náà. Tòmátò, ilá, ewédú àti ṣọkọ yòkòtò wà lára ohun tó ń jẹ níbí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti rí ewédú tó ràn, tí ewé rẹ̀ pọ́n, tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ni kò lọ́ràá mọ́. Kí wọ́n hú u wò. Bí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ bá wú, tó ta kókó, aràn ni. Kí wọ́n má fi wé kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà o. Ìyẹn ń ṣe ilẹ̀ lóore, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló lẹ̀ mọ́, ọwọ́ sì lè rẹ́ ẹ dànù. Kókó aràn kì í ṣe é rẹ́, nítorí inú gbòǹgbò gan-an ló wà.

Fún ẹni tó ń gbin tòmátò tà, àwọn lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ irúgbìn lára páálí tàbí agolo ló yẹ kó kà. V àti F dúró fún àrùn méjì tó ń mú kí tòmátò rọ, ìyẹn Verticillium àti Fusarium. N ló dúró fún nematode. Roma VF, tó gbajúmọ̀ gan-an láàárín àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, ní V, ó ní F, kò ní N. Ẹni tó bá gbìn ín sílẹ̀ tí aràn wà, tó sì gbọ́kàn lé e pé irúgbìn òyìnbó tó lágbára lòun rà, ó ti ṣe bí ẹni tó gbé St. George lọ sórí yanrìn Fresno.

N náà sì ní ààlà tirẹ̀. Láti ara tòmátò igbó kan ní ilẹ̀ Peru ni wọ́n ti mú agbára yẹn, ní àwọn ọdún 1940. Bí ilẹ̀ bá ti móoru kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára náà á dẹ̀, aràn á sì wọlé. Ilẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán bá pọ́n. Ìdí nìyẹn tí fífi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ ebè fi ṣe pàtàkì, torí pé ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jíná tún ń dín aràn kù, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kí wọ́n má máa gbin tòmátò, ilá àti ewédú tẹ̀lé ara wọn lórí ilẹ̀ kan náà.

Kí ẹ tó sanwó irúgbìn lọ́jà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè aràn tàbí àrùn tó ń kọ gan-an. Bó bá kàn ní ó ń kọ gbogbo rẹ̀ ni, ẹ rọra máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.